Kí ni «agile»? Bí wọ́n ṣe ń fi darí òṣìṣẹ́ àti ilé iṣẹ́, àti ohun tó lè ṣe fún wa

Ẹni tó bá ń ka ìkéde iṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí lára ògiri ní Cotonou á ti bá ọ̀rọ̀ kan pàdé: agile. Wọ́n á ní àwọn ń wá «manager agile», tàbí pé ẹ̀kọ́ ọjọ́ méjì wà lórí «RH agile», iye owó rẹ̀ sì nìyí. Àwọn èèyàn máa ń bi wá pé: kí ni nǹkan yìí gan-an? Ṣé ẹ̀rọ ni? Ṣé ìwé ẹ̀rí ni? Ṣé ó kan ẹni tó ní ilé ìránṣọ tàbí ilé búrẹ́dì, àbí àwọn oníbáńkì àti àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan ló wà fún?

Ìbéèrè náà tọ́, pàápàá fún àwa tí a wà ní Agblangandan. Àrọ́ńdísímá wa jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́fà tó wà lábẹ́ Sèmè-Podji, lójú ọ̀nà tó so Cotonou pọ̀ mọ́ Porto-Novo, Àjàṣẹ́ wa. Ọ̀gá kan, òṣìṣẹ́ méjì mẹ́ta, àti ọmọ ìkọ́ṣẹ́ díẹ̀ ló máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ibí: aránṣọ, káfíńtà, awẹ́dà, onídìrí, mẹkáníìkì. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a ó ṣàlàyé ibi tí agile ti wá, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, bó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí òṣìṣẹ́, àti ohun tí irú àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí lè rí mú níbẹ̀. A ó sì sọ ibi tí ewu rẹ̀ wà, torí pé ewu wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Ìtumọ̀ rẹ̀ ní kúkúrú

Ní èdè Faransé, ẹni tó bá jẹ́ agile ni ẹni tí ara rẹ̀ yá, tó lè tètè yí ẹsẹ̀ padà bí ọ̀nà bá yí. Nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó túmọ̀ sí pé kí á má ṣe kó gbogbo iṣẹ́ jọ di ọjọ́ kan ṣoṣo ká tó mọ̀ bóyá ó dára. Ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ ṣe ìwọ̀n díẹ̀, ẹ fi han ẹni tó ni ín, ẹ gbọ́ ohun tó sọ, ẹ tún un ṣe, kí ẹ tó tẹ̀ síwájú. Àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ní ẹnu láti sọ ohun tí kò lọ dáadáa, àti agbára láti tún un ṣe.

Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Èkíní ni àkókò kúkúrú láàárín iṣẹ́ àti àtúnṣe. Èkejì ni ẹnu fún òṣìṣẹ́. Ọ̀gá tó bá mú èkíní tó fi èkejì sílẹ̀ kò tíì ṣe agile, ó kàn ń sáré ni.

Ibi tó ti ṣẹ̀

Orúkọ náà kò tíì pẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 2001, àwọn ọkùnrin 17 tí iṣẹ́ wọn jẹ mọ́ kíkọ ètò kọ̀ǹpútà pàdé ní Snowbird, ní ìpínlẹ̀ Utah, ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn ti sú wọn. Ilé iṣẹ́ á fi oṣù púpọ̀ kọ ìwé ètò, á fi ọdún kan tàbí méjì ṣe iṣẹ́ náà, nígbà tí wọ́n bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ oníbàárà, oníbàárà á ní kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ nìyí, tàbí kí ohun tó fẹ́ ti yí padà kí iṣẹ́ tó parí.

Wọ́n kọ ìwé kúkúrú kan tí a mọ̀ sí Manifeste agile. Kókó mẹ́rin ló dá lé. Tí a bá fi ọ̀rọ̀ tiwa sọ ọ́: kí ìbánisọ̀rọ̀ láàárín èèyàn wúwo ju irinṣẹ́ àti ìlànà lọ, kí iṣẹ́ tó ṣeé lò wúwo ju ìwé rẹpẹtẹ lọ, kí àjọṣe pẹ̀lú oníbàárà wúwo ju awuyewuye lórí àdéhùn lọ, kí yíyí padà nígbà tí nǹkan bá yí wúwo ju rírọ̀ mọ́ ètò àtijọ́ lọ. Wọn ò sọ pé ìwé àti ètò kò wúlò o. Wọ́n kàn sọ èyí tó yẹ kó ṣáájú.

Èrò náà fúnra rẹ̀ dàgbà ju orúkọ náà lọ, ilẹ̀ Japan la sì ti máa rí i. Kí ilé iṣẹ́ Toyota tó máa ṣe mọ́tò, ẹ̀rọ ìhunṣọ ni ìdílé náà ń ṣe. Sakichi Toyoda ṣe ẹ̀rọ tó máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú kan bá já, kí aṣọ má bàa bàjẹ́ lọ títí. Nígbà tí wọ́n wá ń ṣe mọ́tò, Taiichi Ohno àti àwọn èèyàn rẹ̀ gbé èrò yẹn wọ inú ilé iṣẹ́: òṣìṣẹ́ tó bá rí àbùkù lára ohun tó ń ṣe lè fa okùn kan, kí aṣáájú rẹ̀ wá wò ó. Bí wọn ò bá tètè rí i tún ṣe, iṣẹ́ á dúró. Ẹ ro ìyẹn wò. Òṣìṣẹ́ tó kéré jù lọ lè dá iṣẹ́ dúró nítorí àbùkù kan, kò sì sí ẹni tó máa bú u.

Lọ́dún 1986, àwọn ọ̀mọ̀wé Japan méjì, Hirotaka Takeuchi àti Ikujiro Nonaka, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn Harvard Business Review nípa bí àwọn ilé iṣẹ́ bíi Honda àti Canon ṣe ń gbé ọjà tuntun jáde. Ikọ̀ kan náà ló ń bá iṣẹ́ náà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, dípò kí ẹ̀ka kan ṣe tirẹ̀ tán kó jù ú sí ẹ̀ka kejì. Wọ́n fi wé eré rugby, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá, níbi tí gbogbo ikọ̀ ti jọ ń gbé bọ́ọ̀lù lọ síwájú. Inú eré yẹn ni ọ̀rọ̀ náà Scrum ti wá. Jeff Sutherland àti Ken Schwaber, àwọn ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tí wọ́n fi han gbogbo èèyàn lọ́dún 1995. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn 17 tó pàdé ní Snowbird.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́

Oríṣiríṣi ọ̀nà agile ló wà, ṣùgbọ́n Scrum ni wọ́n ń lò jù. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí.

Ikọ̀ kékeré. Èèyàn mẹ́wàá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ kì í yé ara wọn mọ́.

Ìwé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ ni wọ́n ń kọ síbẹ̀, èyí tó ṣe pàtàkì jù á wà lókè. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pinnu èyí tó máa ṣáájú, kí ọ̀gá méjì má bàa máa fa òṣìṣẹ́ kan náà.

Ìgbà iṣẹ́ kúkúrú. Kì í ju oṣù kan lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ọ̀pọ̀ ń lò. Tó bá máa parí, ohun kan gbọ́dọ̀ wà tí a lè fi han èèyàn.

Ìpàdé ojoojúmọ́. Kò ju ìṣẹ́jú 15 lọ. Àwọn míì máa ń dúró lórí ìdúró ṣe é kó má bàa pẹ́. Kí la ti ṣe? Kí la fẹ́ ṣe lónìí? Kí ló ń dí wa lọ́wọ́?

Ìfihàn iṣẹ́. Nígbà tí ìgbà iṣẹ́ bá parí, wọ́n á fi ohun tí wọ́n ṣe han oníbàárà tàbí ẹni tó máa lò ó, wọ́n á sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.

Ìbojúwẹ̀yìn. Lẹ́yìn èyí, ikọ̀ náà á jókòó láàárín ara wọn: kí ló lọ dáadáa, kí ni kò lọ dáadáa, kí la fẹ́ yí padà nígbà tó ń bọ̀? Tí a bá ní ká mú ohun kan ṣoṣo nínú gbogbo agile, èyí la máa mú.

Àwọn míì tún ń lo pátákó iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní kanban, ọ̀rọ̀ Japan tó ti ilé iṣẹ́ Toyota wá. Ẹ pín pátákó sí mẹ́ta: «ó wà nílẹ̀», «a ń ṣe é lọ́wọ́», «ó ti parí». Kò gba kọ̀ǹpútà. Ẹfun àti pátákó dúdú tó.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń darí òṣìṣẹ́

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ilé iṣẹ́ ńlá ṣe ń ṣàyẹ̀wò òṣìṣẹ́ ni pé lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ọ̀gá á pe ẹ, á ka àṣìṣe oṣù méjìlá sí ẹ létí, á fún ẹ ní máàkì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kejì, oṣù kejìlá ni wàá tó gbọ́. Ta ló lè tún un ṣe mọ́? Ó dà bí olùkọ́ tó dúró di ìdánwò ìparí ọdún kó tó sọ fún ọmọ pé kò mọ ìṣirò pínpín.

Lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ Adobe ní Amẹ́ríkà pa àyẹ̀wò ọlọ́dọọdún yẹn tì. Wọ́n ti ṣírò pé ó ń gba nǹkan bí 80,000 wákàtí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá wọn lọ́dún kan. Ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ ni ìjíròrò kúkúrú tó ń wáyé léraléra láàárín ọ̀gá àti òṣìṣẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá míì tẹ̀ lé wọn. Nígbà tó fi di ọdún 2018, Peter Cappelli àti Anna Tavis kọ ọ́ sínú Harvard Business Review pé agile ti dé bùrọ́ọ̀ tó ń rí sí òṣìṣẹ́, ìyẹn ressources humaines.

Ibi márùn-ún ni ìyípadà náà ti hàn. Nínú ìgbanisíṣẹ́, àwọn tó máa bá ẹni náà ṣiṣẹ́ ń bá ọ̀gá yàn án. Nínú ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ń kọ́ òṣìṣẹ́ ní ohun tó nílò lákòókò tó nílò rẹ̀. Nínú àyẹ̀wò, ọ̀rọ̀ ń lọ ń bọ̀ ní gbogbo ìgbà. Nínú ẹ̀bùn, wọ́n ń wo ohun tí ikọ̀ jọ ṣe. Nínú ìdarí, iṣẹ́ ọ̀gá wá di kó máa mú ohun tó ń dí àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ kúrò lọ́nà.

Àpẹẹrẹ tó wù wá jù kò sí nídìí kọ̀ǹpútà rárá. Ní ilẹ̀ Họ́láńdì, Jos de Blok, nọ́ọ̀sì ni, dá Buurtzorg sílẹ̀ lọ́dún 2006 láti máa tọ́jú àwọn aláìsàn nínú ilé wọn. Ikọ̀ nọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan kì í ju èèyàn 12 lọ. Wọn ò ní ọ̀gá láàárín ara wọn. Àwọn fúnra wọn ló ń pín iṣẹ́, tí wọ́n ń gba ẹni tuntun, tí wọ́n ń ṣètò àkókò. Ikọ̀ kan ló fi bẹ̀rẹ̀, ó sì ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún nọ́ọ̀sì. Wọn kì í sábà pe ara wọn ní agile, ṣùgbọ́n nǹkan méjì tí a sọ lókè wà lọ́wọ́ wọn: wọ́n ń tètè rí àṣìṣe, ẹni tó rí i sì lè tún un ṣe.

Ṣé ó ṣàjèjì sí wa?

Kò ṣàjèjì tán. Àwọn bàbá wa ní Kétu, ní Pobè, ní Sakété mọ àáró: lónìí oko tìrẹ, lọ́la oko tèmi, ikọ̀ kékeré kan náà, iṣẹ́ tí gbogbo ojú rí ní ìrọ̀lẹ́. Èésú, tontine tí àwọn ìyá ń dá lọ́jà, náà ní àkókò kúkúrú, gbogbo èèyàn ló sì mọ ẹni tó kàn. Òwe wa sì sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀.

Ibi tó ti le wà nínú ilé ìkọ́ṣẹ́ wa. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́ kì í sábà sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó lè rí i pé ọ̀gá ń gé aṣọ ní ìgékúgèé, á dákẹ́, torí wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé àgbà kì í ṣàṣìṣe lójú ọmọdé. Aṣọ á bàjẹ́, owó á lọ, wọ́n á sì tún bá ọmọ náà wí. Ìjọba ti gbé ìwé ẹ̀rí CQP àti CQM kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ó sì dára, ṣùgbọ́n ìdánwò ìparí kò lè ṣe iṣẹ́ ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ọ̀wọ̀ kò ní kó má ṣeé ṣe. Ohun tí a ń ṣe pẹ̀lú àwọn tó ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa lè ràn wá lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá kọ́ kíláàsì tán, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ṣe. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa olùkọ́ àgbà la máa sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Ìdí rẹ̀ ni pé bí àgbà bá ti sọ̀rọ̀ ṣáájú, ohun tó sọ ni gbogbo èèyàn á máa tún sọ. A sì ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́, a kì í sọ̀rọ̀ nípa èèyàn. «Àwọn ọmọ tó wà lẹ́yìn kò rí pátákó» kì í ṣe èébú. «O ò mọ kíláàsì í kọ́» ni èébú.

Nínú ilé iṣẹ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni. Kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ọ̀gá béèrè pé: «Kí ló dá wa dúró lọ́sẹ̀ yìí?» Ọmọ lè dáhùn pé, «Ẹ jọ̀ọ́ Mọ̀má, ojú rírán yẹn ń tú níbi àpò.» Ó ti sọ òótọ́, kò sì ti rí àgbà fín.

Ẹ jẹ́ ká fi ilé ìránṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ

Ojú inú la fi ń wò ó, kì í ṣe ilé iṣẹ́ ẹnì kankan. Ìyá kan ní ilé ìránṣọ, òṣìṣẹ́ méjì, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mẹ́rin. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kó bá òun rán 120 aṣọ kakí kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé. Oṣù kan ló wà nílẹ̀.

Bí a ṣe máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀: a ra gbogbo aṣọ, a gé gbogbo rẹ̀, a rán gbogbo rẹ̀, a kó o lọ ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ á gbé ọ̀kan wò: àpò kéré jù, ṣòkòtò fún àwọn ọmọ nítan. Aṣọ 120 ló nílò àtúnṣe, ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ọ̀nà kejì: ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, aṣọ 10 péré. Wọ́n gbé e lọ fún ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ wọ̀ ọ́, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sọ tàpò àti titan. Wọ́n tún bébà ìgéṣọ ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan èyí tó kù. Ọ̀sẹ̀ kejì, aṣọ 30. Ọ̀sẹ̀ kẹta, 40. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, 40. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 120, aṣọ 10 péré ló sì ní àtúnṣe.

Láràárọ̀, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ìdúró. Ọmọ kan ní ẹ̀rọ kejì ń fo ojú òwú: ọ̀gá á ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún un ṣe lónìí, kò ní dúró di ìgbà tí aṣọ 20 bá bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ kan ní iná máa ń lọ lọ́sàn-án: wọ́n á fi lílọ aṣọ sí àárọ̀, wọ́n á fi bọ́tìnnì àti ìṣẹ́po tí kò gba iná sí ọ̀sán. Lọ́jọ́ Sátidé, ìbojúwẹ̀yìn ìdajì wákàtí. Wọ́n á mú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fẹ́ yí padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ má mú márùn-ún o, ọ̀kan. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n á kọ́kọ́ béèrè: ohun tí a ní a máa yí padà, ṣé a yí i padà?

Owó rẹ̀ ńkọ́? Pátákó kan àti ẹfun.

Ohun tó ń bà á jẹ́

Ohun àkọ́kọ́ tó ń bà á jẹ́ ni ìbẹ̀rù. Ní ilẹ̀ Benin, òfin n° 2017-05 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 yí ọ̀rọ̀ ìgbanisíṣẹ́ àti ìdánidúró padà. Lábẹ́ rẹ̀, ìwé àdéhùn tó ní ọjọ́ ìparí, CDD tí gbogbo wa mọ̀, ṣeé tún ṣe léraléra láìní iye ìgbà. Ẹ wo òṣìṣẹ́ tí CDD rẹ̀ máa parí lóṣù mẹ́ta sí i. Ọ̀gá pè é sí ìbojúwẹ̀yìn, ó ní kó sọ òótọ́. Ṣé á sọ ọ́? Á wo ojú ọ̀gá, á ní «gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa». Okùn Toyota wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó máa fà á.

Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ ṣọ́ra fún ọ̀gá tó ń lo ọ̀rọ̀ agile láti fi ṣàlàyé ìdí tí òun kò fi fún èèyàn ní àdéhùn tó dúró. Ìgbà iṣẹ́ kúkúrú yàtọ̀ sí àdéhùn kúkúrú. Iṣẹ́ la ní ká gé sí wẹ́wẹ́, a ò ní ká gé òṣìṣẹ́ sí wẹ́wẹ́. Agile kò sì mú ohun tí òfin ní ká ṣe kúrò: owó oṣù tó kéré jù, SMIG, ti jẹ́ 52,000 FCFA láti oṣù kìíní ọdún 2023, ìforúkọsílẹ̀ òṣìṣẹ́ ní CNSS sì wà níbẹ̀.

Ohun kejì ni pé nígbà tí ilé iṣẹ́ bá tètè yí padà, ẹnì kan ló ń ru ẹrù ìyípadà náà. Lọ́dún 2015, báńkì ING ní ilẹ̀ Họ́láńdì tú oríléeṣẹ́ rẹ̀ tò láti ṣe agile. Nǹkan bí 3,500 òṣìṣẹ́ ló kàn, wọ́n kó wọn sí ikọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ tún wá béèrè fún ipò bí ẹni tuntun, àwọn kan tí wọ́n mọ iṣẹ́ dáadáa kò sì rí ipò mọ́. Nítòsí wa ní Èkó, ilé iṣẹ́ Andela bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì ń fi wọ́n sẹ́nu iṣẹ́ fún àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, ó kéde pé àwọn tó ti nírìírí ni àwọn oníbàárà ń béèrè ju àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà nínú iṣẹ́ lọ. Ó ní kí nǹkan bí 250 lára wọn ní Nàìjíríà àti Uganda máa lọ, ó sì ní ó lè kan 170 míì ní Kenya. Ọjà ló yí, ilé iṣẹ́ náà sì tètè bá a yí. Àwọn tó kéré jù ló ru ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá tó bá fẹ́ máa yára yí padà gbọ́dọ̀ ti dáhùn ìbéèrè yìí ṣáájú: bí a bá yí, ta ló máa san án?

Ohun kẹta ni ìpàdé tó di ìkànìyàn. Bí ìpàdé àárọ̀ bá ti di ibi tí ọ̀gá ti ń wo ẹni tó pẹ́ dé, tó ń bá èèyàn wí lójú ẹgbẹ́, ẹnu á pa mọ́.

Ohun kẹrin ni àárẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìlànà tó wà lẹ́yìn Manifeste náà ni pé kí iṣẹ́ máa lọ ní ìwọ̀n tí èèyàn lè bá lọ títí. Ẹni tó ń sáré lọ́sẹ̀ kìíní, lọ́sẹ̀ kejì, lọ́sẹ̀ kẹta láìsinmi, á ṣubú lọ́sẹ̀ kẹrin.

Àwọn iṣẹ́ kan sì wà tí kì í ṣe ibi ìdánwò. Ẹni tó ń so wáyà iná, ẹni tó ń ta oògùn, ẹni tó ń kó gáàsì, ìlànà ààbò ni kó tẹ̀ lé. Ọjọ́ owó oṣù náà kì í ṣe ohun tí à ń yí padà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ má tíì sanwó ẹ̀kọ́ kankan. Ìwé ìlànà Scrum wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ó wà ní èdè Faransé, kò sì gùn. Ẹ mú iṣẹ́ kan ṣoṣo tó máa gba oṣù kan, ẹ gé e sí mẹ́rin. Ẹ kọ́ pátákó. Ẹ ṣe ìbojúwẹ̀yìn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Kí ẹ tó ṣe ìkínní, ẹ ṣèlérí lójú gbogbo wọn pé ohun tí ẹnikẹ́ni bá sọ níbẹ̀ kò ní kan owó rẹ̀ tàbí àdéhùn rẹ̀. Ẹ sì mú un ṣẹ, torí pé ọjọ́ tí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ ni gbogbo rẹ̀ parí.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, bí wọ́n bá ní ilé iṣẹ́ yín ti di agile, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ta ló ń pinnu èyí tó ṣáájú? Ìgbà wo la máa jókòó ṣe ìbojúwẹ̀yìn? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí àdéhùn wa? Níbi tí délégué du personnel bá wà, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ àdéhùn bá di ìjà, ibi tí a ń gbé e lọ ni inspection du travail.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ àwọn ìyá tó ń ṣe gàrí tàbí epo pọ̀, ẹ ti ní ikọ̀, ẹ ti ní èésú, ọjọ́ ìpàdé yín ti wà. Ohun tó kù ni ìbéèrè kan ṣoṣo lópin ìpàdé: kí ni kò lọ dáadáa, kí la fẹ́ yí padà kí a tó tún pàdé?

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́, ẹ má wo pátákó. Ẹ béèrè pé: ta ló mú ìròyìn burúkú wá fún ọ̀gá kẹ́yìn, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i? Bí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n sì tún nǹkan náà ṣe, ó ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá sí ẹni tó mú ìròyìn burúkú kankan wá fún oṣù mẹ́ta gbáko, a jẹ́ pé àwọn èèyàn ṣì ń bẹ̀rù.